Ta Ló Mú Un Falẹ̀?

Iṣẹ́ tí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò. "Kọ̀ǹpútà ni Dádì ń ṣe," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì yára gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. N kò bá wọn wí. Ètò kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ kóòdù ẹlòmíràn wò kí ó tó di lílò. Iṣẹ́ tèmi ni láti wádìí ìdí tí ayẹ̀wò náà fi ń pẹ́ lónìí ju bí ó ti ń pẹ́ lóṣù tó kọjá lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn níbi ìkómọ? Àmọ́ ẹ ní kí àwa àgbà sọ ohun tí ojú wa rí lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ojú tèmi rí nìyí.

Ọdún 1979 ni mo gúnlẹ̀ sí London. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní ẹ̀rọ PDP-11 kan, Unix ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Gbogbo ààyè tí ètò kan lè ní lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ju kílóbáìtì 64 lọ fún kóòdù àti 64 mìíràn fún dátà, ìyẹn lórí àwọn tó dára jù nínú wọn o. Fótò ìwúyè tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí kò lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la jọ ń lò ó pọ̀, olúkúlùkù nídìí tẹ́míná tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti gbé iṣẹ́ ńlá lé e, gbogbo yàrá ni yóò mọ̀, nítorí lẹ́tà tí o tẹ̀ kò ní tètè jáde lójú tẹ́míná. À á wá máa bi ara wa pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Kò ní pẹ́ tí a ó fi mọ ẹni náà. Ìfalẹ̀ ìgbà yẹn kì í sá pamọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bá lint pàdé. Stephen Johnson ló kọ ọ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ìwé tó fi ṣàlàyé rẹ̀ sì jáde ní 1978. Kọ̀ǹpáílà èdè C ìgbà náà kì í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí o bá kọ ni yóò tú sí èdè ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ inú ọ̀gbun lo ń darí rẹ̀ lọ. lint ni yóò sọ fún ọ pé nọ́ńbà lo fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń retí àdírẹ́ẹ̀sì, pé o dá orúkọ kan sílẹ̀ tí o kò lò, pé kò sí ọ̀nà tí ètò yìí lè gbà dé ìlà báyìí-báyìí láéláé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpáílà ni, torí kọ̀ǹpáílà gbọ́dọ̀ yá. Ayẹ̀wò lè máa rọra bọ̀. Mo fara mọ́ èrò náà nígbà yẹn, ẹni tó bá sì rí ẹ̀rọ tí à ń wí yìí yóò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n inú "ayẹ̀wò lè máa rọra bọ̀" yẹn ni gbogbo wàhálà tí mo bá pàdé ní apá ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ mi ti jáde wá. Ohun tí gbogbo èèyàn bá ti gbà pé ó lọ́ra, kò sí ẹni tí yóò máa wọ̀n ọ́n.

lint fúnra rẹ̀ kò yọ wá lẹ́nu. Ó máa ń ka kóòdù láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni. Bí fáìlì bá gùn ní ìlọ́po méjì, àkókò á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní 1982, àwọn ará Berkeley gbé gprof jáde, ètò tí ń sọ iye àkókò tí fọ́ńṣọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ àti èyí tó ránṣẹ́ pè é. Pẹ̀lú ìyẹn àti pẹ́ńsù, èèyàn lè rí ibi tí ètò ti ń falẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Mo ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún bánkì, mo ṣe é fún àwọn onítẹlifóònù, owó ń wọlé, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé.

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni ìgbà tí ayẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ojú ọ̀nà. Ní nǹkan bí ọdún 2000, Dawson Engler àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Stanford ti ń fi ayẹ̀wò inú kọ̀ǹpáílà hú àṣìṣe jáde nínú Linux. Apple ṣí kọ̀ǹpáílà Clang sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2007, lórí ìpìlẹ̀ LLVM tí Chris Lattner ti bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Illinois. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ted Kremenek fi kọ ayẹkóòdùwò kan sínú rẹ̀. Èyí ni ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà mú, tí a fi tiwa kún, tí a ń tà fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ tí kò gbọ́dọ̀ já èèyàn kulẹ̀ lójú pópó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí láìmọ ìyẹn, ẹ kò ní mọ ohun tí à ń wá kiri. Ayẹkóòdùwò yìí kì í mú kóòdù ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, ó ń díbọ́n ni. Yóò mú fọ́ńṣọ̀n kan, yóò ní ká ní nọ́ńbà kan wọlé síbí tí òun kò mọ iye rẹ̀, yóò sì máa bá a lọ láti ìlà dé ìlà. Bí ó bá dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "bí nọ́ńbà yìí bá ju òdo lọ," oríta nìyẹn. Yóò pín sí méjì: ọ̀kan á gbà pé ó ju òdo lọ, èkejì á gbà pé kò jù ú lọ, àwọn méjèèjì á sì máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tó ti mọ̀ bọ̀. Gbogbo ibi tó bá tẹ̀ ni yóò fi àmì sí; àmì kọ̀ọ̀kan là ń pè ní nóòdù. Oríta 10 tó tẹ̀ lé ara wọn bí ọ̀nà 1,024. Oríta 20 bí ọ̀nà tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Fọ́ńṣọ̀n tí oríta inú rẹ̀ ju èyí lọ kò sì ṣọ̀wọ́n rárá nínú kóòdù tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ.

Kí ó má baà rìn títí ayé, wọ́n fi ààlà sí i. Lúùpù kan, ìgbà 4 ni yóò yí i ká, yóò sì jáwọ́ nínú ọ̀nà yẹn. Láti orí fọ́ńṣọ̀n tó fi bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi ju nóòdù 150,000 lọ sílẹ̀ nígbà náà. Bí ó bá ti pé, ó parí, ì báà ku ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí kò tíì tọ̀. Ààlà yìí ló jẹ́ kí ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Wọ́n á ní, "Báwo ló ṣe lè falẹ̀ kọjá ìwọ̀n nígbà tó ní òpin?" Wọn kò wo ohun tí òpin náà ń kà. Nóòdù ló ń kà, kò ka àkókò. Bí ẹ bá sọ fún aláàárù pé kò gbọ́dọ̀ ru ju ogún ẹrù lọ lójúmọ́, tí ẹ kò sọ bí ẹrù kan ṣe lè wúwo tó, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ìlọta ka iwájú rẹ̀ ni ẹ ó mọ ohun tí ẹ gbàgbé.

Ní nǹkan bí ọdún 2014 ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Oníbàárà wa kan máa ń gbé gbogbo kóòdù rẹ̀ fún ayẹkóòdùwò lálaalẹ́, àbọ̀ á sì ti wà nílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó dé láàárọ̀. Nígbà tó yá, aago mẹ́wàá ni àbọ̀ ń dé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó di ọ̀sán. Wọn kò pariwo, torí wọ́n ti gbà pé bí ayẹ̀wò ṣe máa ń rí nìyẹn. Wọ́n kàn ń ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ ni. Ìgbà tí owó ẹ̀rọ wá ju owó tí wọ́n ń san fún wa lọ ni wọ́n tó kọ lẹ́tà.

Ọ̀gá wa ní kí a wá àtúnṣe tó fà á, kí a yọ ọ́. Bí ẹni pé ó dájú pé ọ̀kan ni! Ọmọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà náà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Peckham, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkẹjà lọ, torí ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Nínú ọ́fíìsì tí gbogbo èèyàn ti ń pe ara wọn lórúkọ ṣákálá, òun nìkan ló ń pè mí ní Bàbá. Ó gbé ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun ka orí ẹ̀rọ, ó ń fi aago wọ̀n wọ́n.

"Bàbá, ẹ wò ó, ẹ̀dà àtijọ́ ló tún pẹ́ jù lọ́tẹ̀ yìí."

"Ṣé ìwọ nìkan lo wà lórí ẹ̀rọ yẹn?"

"Rárá o, àwọn ará ìdánwò náà ń lò ó."

"Fi aago sílẹ̀. Iye àṣẹ ni kí o kà."

Aago kì í sọ òótọ́ lórí ẹ̀rọ òde òní. Pùrósẹ́sọ̀ a máa sáré bí ara rẹ̀ bá tutù, a sì máa fà sẹ́yìn bó bá gbóná. Aládùúgbò tí ẹ jọ ń lò ó sì ń jí ààyè mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú mẹ́mórì. Ṣùgbọ́n iye àṣẹ tí pùrósẹ́sọ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Inú pùrósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ni òǹkà wà, perf tó wọ inú Linux ní 2009 ló sì ń bá wa ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Bí a bá yẹ fáìlì kan náà wò lẹ́ẹ̀mejì, ìyàtọ̀ kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, a lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Bí ọmọ náà ṣe kà á tán, ó ní àpapọ̀ iṣẹ́ òru kan gbé díẹ̀ péré sókè, kò sì tó ohun tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Mo ní kí ó má ṣe àròpọ̀, kí ó to fọ́ńṣọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ látorí èyí tó jẹ àṣẹ jù. Ìgbà yẹn ni nǹkan fojú hàn. Púpọ̀ jù lọ kò yí padà, òmíràn tilẹ̀ yá sí i, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ kan wà lókè tí wọ́n ń jẹ bí eéṣú. Ìdí tí rírà ẹ̀rọ kò fi tán an nìyí. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn fáìlì náà kò ṣe é pín fún ẹ̀rọ méjì. Bí ẹ ní ẹ̀rọ ẹgbẹ̀rún, àwọn yòókù yóò parí, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ẹnì kan tí kò tíì ṣe tán. Fáìlì tó lọ́ra jù ló ń sọ ìgbà tí àbọ̀ yóò dé. Kò sí bí àròpọ̀ ṣe lè sọ ìyẹn fún èèyàn, síbẹ̀ àròpọ̀ ni ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀ jáde lóṣooṣù.

Bí a ṣe mú fáìlì náà, ó ku ẹ̀dà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. LLVM ṣì wà lórí Subversion nígbà náà, ó di 2019 kí wọ́n tó kó o lọ sí GitHub, àmọ́ ẹ̀dà git wà tí a ń lò. git bisect, ohun tó rọrùn ló ń ṣe: ẹ sọ ẹ̀dà tó dára fún un, ẹ sọ èyí tó burú, yóò mú ti àárín fún yín kí ẹ dán an wò, yóò sì tún pín ìdajì tó kù. Àtúnṣe 1,000 kò gbà ju ìgbà 10 lọ. Lórí ìwé ni o. Kíkọ́ Clang látìbẹ̀rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan ń jẹ àkókò, àwọn ẹ̀dà kan sì wà tí kò ṣe é kọ́ rárá torí ẹnì kan ti ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ náà. Fún irú wọn, ètò tí a fi ń dán an wò gbọ́dọ̀ dá nọ́ńbà 125 padà kí git lè fò ó. Ibi tí ẹ ó fa ìlà sí ló tún le jù. Bí ìfalẹ̀ bá jẹ́ àfikún díẹ̀díẹ̀ láti ọwọ́ èèyàn mẹ́rin, bisect lè tọ́ka sí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, kìkì nítorí pé òun ló sún nọ́ńbà kọjá ìlà tí ẹ fà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ iṣẹ́ aláìṣẹ̀ dànù lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bisect, mo máa ń ya nọ́ńbà náà sórí ìwé láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan ni àbí ó ń gùn díẹ̀díẹ̀.

Tiwa yìí fò lẹ́ẹ̀kan. Bisect mú àtúnṣe kan, inú ọmọ Ìjẹ̀bú dùn. "Bàbá, ọwọ́ ti bà á! Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Mo ní kí ó ka àtúnṣe náà fún mi ná. Àtúnṣe rere ni. Ọ̀kan nínú àwa fúnra wa ló kọ ọ́, kí ayẹkóòdùwò lè mọ iye tó wà nínú tábìlì nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú fọ́ńṣọ̀n, tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti bá àwọn oníbàárà mìíràn rí àṣìṣe gidi.

"Nóòdù mélòó ló fi sílẹ̀ lórí fọ́ńṣọ̀n yìí tẹ́lẹ̀?"

"150,000, Bàbá. Ó kan òpin."

"Àti nísinsìnyí?"

Ó wò ó. "150,000 náà ni."

Kò rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wúwo.

A ní kí perf fi hàn wá ibi tí àwọn àṣẹ náà ń lọ, púpọ̀ nínú wọn sì ń lọ síbi ìgbálẹ̀. Bí ayẹkóòdùwò ṣe ń lọ láti gbólóhùn dé gbólóhùn, ó máa ń gbá ohun tí kò wúlò mọ́ dànù: orúkọ tí ìlà kankan kò ní bá pàdé mọ́ níwájú, iye tí kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀. Láti mọ èyí tó ti kú, ó ní láti bojú wo gbogbo ohun tó mọ̀. Nínú fọ́ńṣọ̀n oníbàárà yìí, tábìlì kan wà tó gùn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà, tí kì í ṣe ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ́, ètò mìíràn ló pọ̀ ọ́ jáde. Lẹ́yìn àtúnṣe rere yẹn, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti di ohun mímọ̀. Ní gbogbo ìgbésẹ̀, ìgbálẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè bóyá wọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì wà láàyè, ó sì tún ń bọ̀ ní gbólóhùn tó kàn. Mẹ́mórì kò sì ké gbàjarè. Ohun tí ayẹkóòdùwò mọ̀ wà nínú igi dátà tí a kì í yí padà. Tuntun máa ń bá àtijọ́ pín ẹ̀ka lò, nítorí náà tábìlì náà kò gba ààyè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo agogo ìkìlọ̀ tí a gbé kalẹ̀, orí mẹ́mórì àti nóòdù ni wọ́n wà. Kò sí ọ̀kan tó dún.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé C-Reduce, tí John Regehr àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Utah gbé jáde, ìwé wọn lórí rẹ̀ sì ti jáde ní 2012. Kóòdù oníbàárà kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé, ṣùgbọ́n a nílò àpẹẹrẹ kékeré tí a lè tọ́jú sáàárín àwọn ìdánwò wa. Ètò yìí máa ń gé fáìlì ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan yóò béèrè ìbéèrè tí ẹ bá kọ́ ọ. Fún àṣìṣe tí ń pa kọ̀ǹpáílà, ìbéèrè rọrùn: ṣé ó ṣì ń kú? Fún ìfalẹ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ó ṣì lọ́ra. Yóò wá oríṣi ìlọ́ra mìíràn fún yín, tí ẹ̀dà àtijọ́ náà ní, ẹ ó sì ti pàdánù ohun tí ẹ ń wá. Ohun tí a ní kí ó béèrè ni bóyá ẹ̀dà tuntun ṣì ń ṣe àṣẹ tó ju ìlọ́po márùn-ún ti àtijọ́ lọ. A fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, a wá bá ohun tí kò kún ojú ewé kan ní ọjọ́ Ajé, tí gbogbo orúkọ inú rẹ̀ ti di a, b, c. Ẹni tó ni kóòdù kò lè dá a mọ̀ mọ́.

Ìjà wá dé lórí àtúnṣe. Ọ̀gá ṣì fẹ́ kí a yọ iṣẹ́ náà kúrò. Ẹlòmíràn ní kí a fi aago sí i, bí fọ́ńṣọ̀n kan bá ti pẹ́ jù, kí ayẹ̀wò fò ó. Èmi kò gbà. Aago yóò mú kí kóòdù kan náà gba àbọ̀ méjì lórí ẹ̀rọ méjì, àwọn tí ń ṣe bíréèkì ọkọ̀ kò sì lè gbé irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ síwájú ẹni tí ń fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn. Tìtorí ẹ̀ gan-an ni òpin àtijọ́ fi ń ka nóòdù. Ohun tí a ṣe ni pé tábìlì tó bá gùn ju ìwọ̀n kan lọ, kí ayẹkóòdùwò ṣe bí ẹni pé òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, àṣìṣe tó bá wá wà nínú tábìlì gígùn ńkọ́?"

"Yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Kò dùn mọ́ ọn, kò sì dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n àbọ̀ tó bá dé lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́, mo ti wo àwọn àkọsílẹ̀ wọn, kò sẹ́ni tí ń ṣí i. Ayẹ̀wò oníbàárà náà padà sí òru. Wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n rà kún un, lóṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ lẹ́tà mìíràn pé kí a dín owó wa kù.

Ayé ti yí padà láti ìgbà náà. Láti 2018, èèyàn lè fi Z3, ètò Microsoft Research tí ń wádìí bóyá àwọn ohun tí a gbà lójú ọ̀nà kan lè jọ jẹ́ òótọ́, yẹ ìkìlọ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó jáde, ìyẹn sì tún gbé ẹrù tí kò sẹ́ni tó lè sọ ìwúwo rẹ̀ ṣáájú lé aláàárù lórí. Ní 2020, Nikita Popov bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn àtúnṣe tó ń wọ LLVM, iye àṣẹ ló sì ń lò, kì í ṣe aago. Nígbà tí mo kà á, mo pàtẹ́wọ́ nídìí tábìlì oúnjẹ, ìyàwó mi sì béèrè bóyá Arsenal ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Àmọ́ ìtumọ̀ kóòdù ni ìyẹn ń wọ̀n. Ayẹkóòdùwò kò sí nínú rẹ̀, "ó lè máa rọra bọ̀" ṣì wà lórí rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ti di ọ̀gá níbi tó wà báyìí. Ó pè mí lọ́dún Àjíǹde, ó ní òun ti fi òfin kan lélẹ̀: àtúnṣe tó bá sọ fọ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo di ìlọ́po méjì kò ní wọlé títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi ṣàlàyé, ì báà jẹ́ pé àròpọ̀ kò gbé. Mo bi í bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e.

"Wọ́n ń tẹ̀ lé e, Bàbá. Wọ́n sì ń bú mi."